Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ọba

Ní ọdún tí ó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí àwa ti ń ṣiṣẹ́ ń ṣe ìdánrawò eré kan nípa ọba kan àti ogun tí ó jà. Àwa ni a yàn láti mójú tó wọn. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju pé kí ó di agbòòrùn mú lẹ́yìn ọba láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin. Kò ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ní ọjọ́ kẹta ìdánrawò ó tọ̀ wá wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni mo ń rò bí mo ti dúró síbẹ̀?" A fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò wá. A kò ní èsì. Ẹni tí ó kọ eré náà pàápàá kò ní èsì. Ọba ní ìdí tí ó fi ń bínú, ọ̀tá ní ìdí tí ó fi gbé ogun wá. Ẹni tí ó gbé agbòòrùn kò ní nǹkan kan, àfi apá tí ń ro ó.

Ìbéèrè ọmọ yìí ni ó mú wa gbé kálàmù lónìí. Ẹ̀yin ìjòyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ẹ mọ̀ pé ayé ti yí. Ìtàn tí àwọn ọmọ ń gbọ́ lábẹ́ òṣùpá nígbà àtijọ́, inú sinimá ni wọ́n ti ń wò ó nísinsin yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ohun tí ó sì wọ́pọ̀ nínú sinimá òkè òkun ni ìtàn akọni: ẹni tí agbára rẹ̀ ju ti ènìyàn lọ, tí ó ń fò bí àṣá, tí ọta kò ràn án. Ṣùgbọ́n akọni kì í sábà dá rìn. Ẹnì kan a máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ń gbé apó, tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn, tí ń jẹ ìyà tí kò tọ́ sí i, tí a kì í sì í dárúkọ rẹ̀ nígbà tí a bá ń pín ìkógun. Ní àìpẹ́ yìí àwọn onísinimá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú irú amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi òun nìkan ṣe odindi sinimá. Òmíràn dára, òmíràn kò dára. Àwa fẹ́ wádìí ohun tí ó mú èyí dára tí ó sì ba ìyẹn jẹ́. Nítorí àwọn onísinimá tiwa náà ti gbé ìtàn ọba àti jagunjagun sí iwájú, bó pẹ́ bó yá wọn yóò kan àwọn ẹni ẹ̀yìn, ó sì yẹ kí a ti mọ ohun tí a ó béèrè lọ́wọ́ wọn.

Kí a tó rékọjá òkun, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní Ìsẹ̀. A bí Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó ti di ẹni ńlá. Ẹmẹ̀sẹ̀ ni ó jẹ́ ní ààfin Arínjálẹ̀, èyí ni pé ìránṣẹ́ ọba ni, kí òkìkí ọ̀bẹ rẹ̀ tó kàn ká gbogbo ilẹ̀ Èkìtì. Láàrin nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914 ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà lónìí. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Ọba jókòó lára òpó náà, adé ńlá wà ní orí rẹ̀, ẹyẹ sì wà lórí adé. Síbẹ̀ kì í ṣe ara ọba ni ojú kọ́kọ́ ń lọ. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn ìtẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìtẹ́ náà, ó sì ga ju ọba lọ fíofío. Àwọn tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ sọ fún wa pé olorì àgbà ni ó ń gbé adé lé ọba lórí ní ọjọ́ ìwúyè. Ohun tí Ọlọ́wẹ̀ fi igi sọ ni pé ọba lè jókòó nítorí pé ẹnì kan dúró.

Ilẹ̀kùn ààfin kan náà, tí a gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní ọdún 1924, tí ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní, ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà ní pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Lára ilẹ̀kùn náà ni a ti rí òyìnbó aláṣẹ kan, Captain Ambrose, tí ó ń bọ̀ wá bá ọba. Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Àwọn alárùú ni ó rù ú. Oníṣẹ́ ọnà mìíràn ìbá gbẹ́ ọba àti òyìnbó, ìbá sì rò pé iṣẹ́ parí. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ àwọn alárùú náà pẹ̀lú. Ẹni tí ó ti jẹ́ ìránṣẹ́ rí ni ó mọ̀ pé ẹrù kì í dá rìn wọ ààfin. Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938. Ní ọdún 1988, àádọ́ta ọdún géérégé lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀ ni ó ki oríkì rẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí. Nítorí náà ẹni tí ó gbẹ́ àwọn ẹni ẹ̀yìn kò parun lẹ́nu, nítorí ẹnì kan tí ó wà lẹ́yìn òun náà kò gbàgbé rẹ̀.

Bí a bá ti fi èyí ṣe ìpìlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí sinimá ẹni ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ní.

Èkínní, ó gbọ́dọ̀ fún un ní ohùn. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n dá akọni tí ń jẹ́ Batman sílẹ̀ nínú ìwé alálàyé àwòrán ní ọdún 1939, ó ń dá rìn ni. Ní ọdún 1940 wọ́n fún un ní ọmọdékùnrin kan, Robin. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé akọni tí ó dá wà kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, òǹkàwé kò sì lè mọ èrò ọkàn rẹ̀. Nítorí náà, láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, etí ni amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́. A dá a kí ọ̀gá lè rí ẹni sọ̀rọ̀ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi òun nìkan ṣe sinimá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ etí yìí di ẹnu, kí ó sì wá etí mìíràn fún un. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó máa wo ẹni tí ń dá rìn káàkiri tí ń dúró de ẹni tí yóò pàṣẹ fún un.

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù tí àwa mọ̀ nípa èyí ni Bumblebee, tí ó jáde ní ọdún 2018. Nínú àwọn sinimá Transformers tí ó ti ṣáájú rẹ̀ láti ọdún 2007, ọmọ-ogun lásán ni Bumblebee lábẹ́ olórí rẹ̀, Optimus Prime: ẹ̀rọ ńlá tí ó lè di ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, láàrin ariwo irin àti iná. Nígbà tí a fi òun nìkan ṣe sinimá, a dín ariwo kù. A mú ìtàn náà padà sí ọdún 1987, a fi í pamọ́ sí ara ọkọ̀ Fọ́kíswágìnì ògbólógbòó, irú èyí tí àwa ń pè ní ìjàpá, ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ti kú sì rí i. Ọ̀tá ti fọ́ ohùn rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀. Láti inú orin rédíò ni ó ti ń ṣa ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí kò ní ohùn ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù, nítorí ó rí ẹnì kan tí ó fẹ́ gbọ́ ọ. Ọmọ Yorùbá kankan kò gbọdọ̀ ṣe ìyanu sí èyí. Onílù wa kì í ya ẹnu, síbẹ̀ ó ń bá ọba wí.

Èkejì, ó gbọ́dọ̀ ní òùngbẹ tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá sinimá kan wà tí ó fi ẹni ẹ̀yìn ṣe olórí ìtàn, èyí sì ni Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí olóògbé Biyi Bandele darí, tí ó jáde ní ọdún 2022. Ìtàn náà ní gbòǹgbò ní Ọ̀yọ́. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù kìíní wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944. Olókùn-Ẹṣin rẹ̀, tí àṣà sọ pé yóò bá ọba lọ, ń múra ní oṣù Kìíní ọdún 1945 nígbà tí aláṣẹ òyìnbó dá a dúró. Ọmọ rẹ̀ ni ó kú dípò rẹ̀. Dúró Ládípọ̀ fi í ṣe eré Ọba Wàjà ní ọdún 1964, Wọlé Ṣóyínká sì gbé tirẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1975. Láti inú ti Ṣóyínká ni sinimá náà ti wá.

Gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ Ọlọ́run, àwa kò lè yin àṣà náà, a sì dúpẹ́ pé ó ti kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti mọ ìtàn náà. Ọba ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ òjìji rẹ̀ bo gbogbo nǹkan. Gbèsè kan ṣoṣo ni ẹlẹ́ṣin jẹ, ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ jẹ adùn tí ó bá gbèsè náà wá, alẹ́ òní sì ni yóò san án. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn san án ni, a ó yìn ín, a ó sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìfẹ́ ọkàn tirẹ̀: ó fẹ́ aṣọ olówó ńlá, ó fẹ́ ìyìn àwọn obìnrin ọjà, ó rí ọmọge kan tí ó jẹ́ àfẹ́sọ́nà ọmọ ẹlòmíràn, ó sì ní àfi kí òun gbé e níyàwó ní alẹ́ náà gan-an. Láàrin gbèsè ọba àti òùngbẹ ara rẹ̀ ni ìtàn ti bí ara rẹ̀. Níbi tí a kò bá ti rí irú ìjàkadì bẹ́ẹ̀, ẹni ẹ̀yìn kò tíì di ènìyàn. Ère tí a gbé tẹ̀lé ọba ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi Sàwòròidẹ kún un, èyí tí Túndé Kèlání ṣe ní ọdún 1999 láti ọwọ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Nínú ìlú Jogbo, ọba kan kọ̀ láti bá ìlú mulẹ̀ bí ó ti yẹ, ológun kan sì fi ipá gba adé nígbà tí ó yá. Ibọn kò lè mú ológun náà. Ìlù ni ó mú un: ní ọjọ́ tí ó gbé adé wọ̀ tí sàwòròidẹ dún, ayé bàjẹ́ mọ́ ọn lórí. Onílù ni ẹni tí gbogbo wa máa ń rí ní ẹ̀gbẹ́ ọba tí a kì í bi ní ìbéèrè. Sinimá náà bi í. Ó fi hàn pé ẹni tí ń kí ọba ni ó ní àṣírí ọba lọ́wọ́, pé àtẹnudẹ́nu ìyìn lè di ìdájọ́ ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ẹni ẹ̀yìn, kí ó bi ara rẹ̀ pé: kí ni ẹni yìí mọ̀ nípa ọ̀gá rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ̀, kí ni yóò sì fi ìmọ̀ náà ṣe?

Ẹ̀kẹta, ó gbọ́dọ̀ jáde ní àkókò. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi obìnrin amí kan tí ń jẹ́ Natasha Romanoff hàn wá ní ọdún 2010 nínú sinimá ẹlòmíràn. Ó bá àwọn akọni ọkùnrin jà ní ọdún púpọ̀, àwọn ènìyàn ń béèrè nígbà gbogbo pé, tirẹ̀ dà? Ní ọdún 2019 wọ́n pa á nínú ìtàn. Ní ọdún 2021, lẹ́yìn tí a ti sunkún rẹ̀ tán, ni wọ́n tó gbé sinimá tirẹ̀ jáde, Black Widow, tí ó padà lọ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ikú náà. Eré inú rẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n kí ni olùwòran yóò bẹ̀rù, nígbà tí ó ti mọ ọjọ́ tí ẹni náà yóò kú àti ibi tí yóò kú sí? Àbúrò rẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni ó gba ìtàn náà mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí pé ti àbúrò ni a kò tíì mọ òpin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwa ń ṣe nínú ìlú wa: a ń fi oyè dá òkú lọ́lá tí a kò fi omi fún nígbà tí ó wà láàyè. Ìyìn tí ó pẹ́ kì í ṣe ìyìn kíkún.

Ẹ̀kẹrin, a kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ọ̀gá rẹ̀. Èyí ni ọ̀fìn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń jìn sí. Wọ́n rò pé bí a bá fẹ́ bọlá fún ẹni ẹ̀yìn, kí a fún un ní idà ọ̀gá, aṣọ ọ̀gá àti ìbínú ọ̀gá. Nígbà náà kì í ṣe sinimá tirẹ̀ ni a ṣe mọ́. Sinimá ọ̀gá ni, tí ẹlòmíràn wọ ẹ̀wù rẹ̀. Sam Wilson jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Captain America láti ọdún 2014. Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ni kí ó máa gba àwọn ọmọ-ogun tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ nímọ̀ràn. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ gbé asà fún un, kò kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn. Nínú eré alápá púpọ̀ tí ó jáde ní ọdún 2021, ó fi asà náà sílẹ̀, ó sì jìyà kí ó tó padà gbé e. Ní ọdún 2025 ni òun nìkan di olórí sinimá, Captain America: Brave New World. Ìjà pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ní ojú tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó ti dára jù: ààrẹ ilẹ̀ náà ti bínú títí ó fi di ẹranko pupa ńlá, ó ń fọ́ ohun gbogbo, kò sì sí agbára tí Sam ní tí ó lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó fi tù ú. Ó rán an létí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọkàn ẹranko náà sì rọ̀. Ẹni tí ó ti jẹ́ olùgbani-nímọ̀ràn ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ìbá ju asà ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Sinimá ẹni ẹ̀yìn dára níbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wọ akèrègbè tí ọwọ́ ọ̀gá kò wọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kò gbọ́dọ̀ bo ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá tàbí ti ẹni ẹ̀yìn náà mọ́lẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ Kákò oníkùmọ̀ ẹkùn, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá Àkàrà-Ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó nínú ìwé tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé jáde ní ọdún 1938. A fẹ́ràn Kákò nítorí agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé ìyàwó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dì mọ́ ọn ní ọ̀nà ìrìn-àjò náà, kò fẹ́ kí ó lọ, Kákò sì fi ohun ìjà pa á kí ó lè tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìrìn-àjò náà ń bá a lọ. Bí a bá fi Kákò nìkan ṣe sinimá lọ́la, tí a sì sáré kọjá níbẹ̀ kí a lè dé ibi tí ó ti ń bá iwin jà, a ti kùnà. Ibẹ̀ gan-an ni sinimá náà gbọ́dọ̀ dúró sí. Ta ni ó tẹ̀lé ẹlòmíràn títí tí ó fi pa ilé ara rẹ̀? Kí ni ó gbọ́ ní etí rẹ̀ ní alẹ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sùn? Ìgbọràn dára, ṣùgbọ́n a ti rí ní ilẹ̀ yìí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n tẹ̀lé olóṣèlú tàbí olórí ẹgbẹ́ òkùnkùn dé ibi tí kò sí ìpadàbọ̀, kò sì sí ìtàn tí ó ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹni ẹ̀yìn náà yóò jíhìn.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin àgbà yóò sọ pé àfojúdi ni ọ̀rọ̀ yìí. Wọn yóò ní bí a bá gbé ẹmẹ̀sẹ̀ sí iwájú, níbo ni ọba yóò wà? Wọn yóò ní àwọn ọmọ ìwòyí kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ sì tún fẹ́ kọ́ wọn pé ìránṣẹ́ ju olúwa rẹ̀ lọ. A gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, a kò sì fojú kéré rẹ̀, nítorí ìlú tí kò ní orí kò ní ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń wí nìyẹn. Òpó Ọlọ́wẹ̀ kò gba adé lórí ọba. Adé wà níbẹ̀, ó tóbi, ó sì lẹ́wà. Ó kàn fi ẹni tí ó gbé e lé e lórí hàn ni, inú ààfin ni a sì gbé òpó náà ró sí, ní ojú ọba àti ìjòyè. Àwọn bàbá wa lè wò ó, oyè wọn kò sì dínkù. Nínú Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú, kí Èlíṣà tó di wòlíì, ẹni tí ń bu omi sí ọwọ́ Èlíjà ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Kò tijú rẹ̀. Owe wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìtàn ẹni tí ó fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú kò lè kọ́ ọmọ ní àfojúdi.

Ìdí mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára. Àwọn tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́ ni wọn yóò jẹ́. Díẹ̀ nínú wọn ni yóò di ọ̀gá àgbà. Ọ̀pọ̀ yóò lo ọgbọ̀n ọdún nínú kíláàsì kan ní ìletò kan, wọn yóò kọ́ ọmọ tí yóò di dókítà, adájọ́ tàbí ọba, ọmọ náà yóò sì gun òkè lọ. Bí gbogbo ìtàn tí wọ́n ti gbọ́ láti kékeré bá jẹ́ ti ẹni iwájú nìkan, wọn yóò rò pé ìgbésí ayé wọn ti ṣòfò. A ti rí irú wọn. Wọ́n ń kọ́ni pẹ̀lú ìbínú, wọ́n sì ń wá ọ̀nà láti sá kúrò nínú iṣẹ́ náà ní gbogbo ọjọ́. Ọmọ ni ó ń jìyà rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé irú sinimá wo ni a fẹ́ kí a ṣe ní Èkìtì, a ó dáhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 1878 Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí ni ó kọ̀ fún àṣejù àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ó sì pa á. Láti ibẹ̀ ni Èkìtìparapọ̀ ti dìde. Fábùnmi ni ó ṣáájú ogun ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá ni Ògèdèǹgbé ará Iléṣà, tí kò kọ́kọ́ fẹ́ dá sí ọ̀ràn náà, dé sí ibùdó, ó sì di olórí ogun. Fábùnmi di ẹni kejì nínú ogun tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. A fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, a kò sì tú ibùdó náà ká títí di ọdún 1893. Orúkọ Ògèdèǹgbé ni ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ènìyàn bí a bá dárúkọ Kírìjí, kò sì burú bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ọjọ́ tí Ògèdèǹgbé wọ ibùdó. Kí ni Fábùnmi rò bí ó ti dìde kúrò lórí àga? Ṣé ẹnì kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ fún un kí ó má ṣe dìde? Bí ó bá kọ̀, ogun ìbá pín sí méjì, Èkìtì ìbá sì fọ́. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Sinimá tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, tí kò ní parí sí orí ìtẹ́, tí kò ní dín Ògèdèǹgbé kù, tí yóò sì jẹ́ kí a rí i pé ìgbà mìíràn ń bẹ tí ìgboyà láti jọ̀wọ́ ipò ju ìgboyà láti gba ipò lọ, irú rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń fẹ́ láìmọ̀. Ó sì wúlò fún àwọn àgbà pẹ̀lú, ní ilẹ̀ tí ẹjọ́ oyè kì í tán ní kóòtù.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ tí ó gbé agbòòrùn. Nígbà tí a kò rí èsì fún un, a ní kí òun fúnra rẹ̀ lọ wá a. Ó lọ sí ilé ní Emùré ní òpin ọ̀sẹ̀, ó sì jókòó ti bàbá bàbá rẹ̀. A kò mọ ohun tí àgbà náà wí fún un. Ní ọjọ́ Ajé ó padà wá, ó ní, "Bàbá, mo ti mọ̀ ọ́n. Ojú ọba ni gbogbo ìlú ń wò, ojú náà sì le. Èmi nìkan ni mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Mo rí i pé ó ń gbọ̀n." Ẹni tí ó kọ eré náà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó mú ìwé rẹ̀, ó sì lọ tún un kọ. Ní alẹ́ ọjọ́ eré, ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré láti sọ, nígbà tí òun àti ọba ku àwọn nìkan. Ní àkókò náà nìkan ni gbọ̀ngán dákẹ́ rọ́rọ́.

Nítorí náà a ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹgbẹ́ wa àti sí ẹ̀yin olóyè ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Emùré àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká. Ìwé ìtàn àwọn ọba wa ti wà, bí kò tilẹ̀ pé. Ẹ jẹ́ kí a kọ ti àwọn ẹni ẹ̀yìn sílẹ̀ nísinsin yìí: àwọn ìdílé ẹmẹ̀sẹ̀, àwọn onílù, àwọn agbẹ́gilére, àwọn tí ó ṣọ́ bodè ní àkókò ogun, àwọn olorì tí ó gbé adé dání. Kí olóyè kọ̀ọ̀kan pe àgbà kan ní agboolé rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ kan tí ó mọ̀wé jókòó tì í, kí ó kọ orúkọ, iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ tí àgbà náà bá rántí. Àwọn àgbà yìí kò ní dúró dè wá. Nígbà tí onísinimá bá dé, kò ní wá máa fi àlá kún ibi tí ó ṣófo. A ó ní ohun tí a ó gbé lé e lọ́wọ́.

Ọba kì í dá wọ ọjà. Bí ìtàn rẹ̀ bá dá wọ ọjà, ìdajì rẹ̀ ni ó dé.